Ìkòkò Méjì, Iyọ̀ Kan

Kí oòrùn tó ga, Ìyá Onísítóòfù ti da sítóòfù kan dojú dé sórí pátákó níwájú ilé, ó ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fa òwú inú rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú mẹ́wàá ni. Mẹ́fà ti jó kúrú débi pé wọn kò kan kẹrosíìnì mọ́. Mẹ́rin yòókù ti le gbagidi bí igi. Ó kó gbogbo wọn dà nù. Lẹ́yìn náà ó bu omi sínú táńkì, ó gbé e sórí ìwé ìròyìn tó gbẹ, ó sì jókòó tì í. Ẹni tó bá ń wá ibi tí sítóòfù ti ń jò kì í kánjú. Ìwé ni yóò fi hàn án. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ojú tútù kan yọ lára ìwé náà, kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Ìyá da omi nù, ó nu táńkì gbẹ, ó gé ọṣẹ líle díẹ̀, ó pò ó lọ́wọ́ títí ó fi rọ̀, ó sì fi dí ojú ihò náà pinpin.

Sítóòfù náà kì í ṣe tirẹ̀. Oníbàárà kan ló gbé e wá fún àtúnṣe láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tí kò padà wá gbé e. Títí di àná, Ìyá kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó mú un jí sí i láàárọ̀ yìí ni pé ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sítóòfù méjì kí ó tó di ọ̀sán.

Rédíò ló mú ọ̀rọ̀ náà wá lálẹ́ àná. Ará ilé kejì ni, orúkọ tí àdúgbò sì fún un nìyẹn nítorí pé ìròyìn rẹ̀ kì í tán. Ó ní ẹgbẹ́ kan ti dé sí òpópónà wọn, àwọn tó ń ṣèwádìí bí ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé tí wọ́n sì ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́.

"Ìkòkò ni wọ́n fi ń ka ilé," Rédíò wí. "Kì í ṣe ilẹ̀kùn, kì í ṣe ọkọ. Ìkòkò kan, káàdì kan. Káàdì kan, owó iléèwé ọmọ kan, owó ìdánwò rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ti gba tèmi. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ọmọ méjì ló wà nínú ilé náà, ìkòkò kan ṣoṣo sì ni. Dírẹ́bà, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò sí ohun róbótó tí kì í fi ṣe ìdarí ọkọ̀, jẹ́ ọmọ Ìyàwó. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pe aya àbúrò Ìyá, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Àbúrò náà fúnra rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ níbòmíràn, iṣẹ́ kò sì tíì jẹ́ kó bọ̀. Ọmọ kejì ni Abẹ́rẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Aránṣọ kan tó háyà yàrá ẹ̀yìn ló bí i. Aránṣọ kú, yàrá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọmọ kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó dúró. Ẹ̀karùn-ún wọn ni Bàbá, tó bí Ìyá, bíríkìlà tí orúnkún rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀.

Àwọn ọmọ méjèèjì ti wà nílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí owó iléèwé. Ti Dírẹ́bà ṣì lè dúró. Ti Abẹ́rẹ́ kò lè dúró: kíláàsì àṣekẹ́yìn ló wà, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n sì máa ti ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò.

Ìyàwó jáde síta, ó rí sítóòfù, ó ká ọwọ́ kọ́yà.

"Àǹtí, sítóòfù oníbàárà lẹ fẹ́ máa fi dáná yìí?"

"Iná tó bá jó lórí ẹ̀ ló máa jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti dáa. Ìdánwò ni mò ń ṣe."

"Èmi ò bá yín jà o. Mo kàn ní, tó bá jẹ́ káàdì kan ni wọ́n fún wa, orúkọ ọmọ mi ni mo máa kọ́kọ́ pè. Ìyá ọmọ wo ni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀?"

"O ti sọ ọ́ lálẹ́ àná."

"Mo tún ń sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Mi ò ní kó má jẹun. Mi ò ní kó má sùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ayálégbé ni."

Abẹ́rẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Bàbá sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ."

"Bàbá, ta wá ni adìẹ níbẹ̀?"

"Èmi ò rí adìẹ kankan. Òwe ni mo pa."

Ìyá ti kó òwú tuntun sínú ojú ihò wọn. Ó fi àlùmọ́gàjí gé orí wọn, ó tẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí i bóyá wọ́n dọ́gba, ó tún gé èyí tó ga. Nígbà tó parí, ó dìde, ó lọ pín ìrẹsì. Agolo mẹ́rin ló kù nínú àpò. Ó bu méjì síhìn-ín, ó bu méjì sọ́hùn-ún.

"Ilé ẹni méjì àti ilé ẹni mẹ́ta, ẹ wá pín in dọ́gba?" Bàbá bèèrè.

"Kò ju bí wákàtí méjì lọ tí a fi máa jẹ́ ilé méjì, Bàbá. Tí àwọn ẹgbẹ́ yẹn bá ti lọ, a ó dà á papọ̀."

Dírẹ́bà dúró tì wọ́n, ó di ìdérí ìkòkò mú, ó ń darí rẹ̀ gba kọ́nà. "Ṣé a ò ní jẹ pẹ̀lú Bàbá mọ́ ni?"

"A máa jẹ," ìyá rẹ̀ wí.

"Kí ló dé tí a fi máa se tiwa lọ́tọ̀?"

Ìyàwó gba ìdérí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ yá ìkòkò.

Nídìí ẹ̀rọ omi, Rédíò gbé ìkòkò rẹ̀ lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ fúnni. "Ẹ má jẹ́ kó jóná o. Òun ló gba káàdì fún mi."

Alágbàfọ̀, opó ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń fọ aṣọ fún àwọn ará òkè òpópónà, ń dúró de omi rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo Ìyàwó. "Ìyàwó, ṣé ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀ ni?"

"A ò kọ ara wa sílẹ̀. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la kàn ń se oúnjẹ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kò burú," Alágbàfọ̀ wí, ó sì ti korobá rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi náà ń retí wọn."

Agogo méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí obìnrin tí ẹgbẹ́ náà rán dé. Àdúgbò ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ó gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání tí ìwé wà lórí rẹ̀, ó sì fi okùn so pẹ́ńsù mọ́ etí pátákó náà kó má baà sọnù. Eruku ti sọ bàtà rẹ̀ di aláwọ̀ kan náà pẹ̀lú ilẹ̀. Ó kí Bàbá, ó kí gbogbo wọn, ó gba omi, ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ó wo sítóòfù méjèèjì, èyí tó wà ní igun ọ̀tún àti èyí tó wà ní igun òsì, tí ìrẹsì ń hó lórí kọ̀ọ̀kan wọn. Iná sítóòfù oníbàárà yẹn ń jó láìní èéfín rárá.

"Iná yìí mà mọ́ o," Akọ̀wé wí. "Tèmi nílé, èéfín ṣáá ni."

"Òwú ẹ̀ ò dọ́gba ni, mà," Ìyá wí. "Tí ẹyọ kan bá ti ga ju àwọn tó kù lọ, òun ló máa ba iná jẹ́ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Ẹ gé e kó dọ́gba, ẹ sì bomi sínú táńkì kí ẹ fi wò ó bóyá ó ń jò."

Akọ̀wé mi orí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá yọ ìwé kan, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀.

"Ẹni mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò yìí, Màmá?"

"Mẹ́ta. Èmi, bàbá mi, àti ọmọbìnrin yìí."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Èmi àti ọmọ mi," Ìyàwó wí. "Méjì."

Ó yọ ìwé kejì. Ó bi wọ́n nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn, iye ìgbà tí wọ́n ń jẹun lóòjọ́, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ fi oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn yòókù bí kò bá tó. Lórí ìbéèrè yìí, Ìyá ní òun ni, Ìyàwó náà ní òun ni. Akọ̀wé kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí i. Nígbà tó parí, ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ó ku ohun kékeré kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí olúkúlùkù gbé iyọ̀ rẹ̀ wá kí n rí i."

Ìyá lọ mú agolo iyọ̀ rẹ̀ wá, agolo mílíìkì àtijọ́ kan. Ìyàwó wọ igun tirẹ̀. Ìkòkò ń bẹ níbẹ̀, ṣíbí ń bẹ, àwo méjì ń bẹ. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tó padà jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé nǹkan kan.

"Tèmi ti tán láàárọ̀, mà."

"Kí lẹ wá fi sí ìrẹsì tó ń hó lórí iná yìí?"

Ìyàwó wo agolo tó wà lọ́wọ́ Ìyá, ó sì yára gbójú kúrò níbẹ̀. Ìdérí ìkòkò ń jó lórí omi gbígbóná.

"Ọmọ mi," Bàbá wí fún Akọ̀wé, "iyọ̀ kan ló wà nínú ilé yìí. Má wulẹ̀ dà wọ́n láàmú."

Akọ̀wé kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ń tún ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀ ṣe pẹ̀lú abẹ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn la fi ń ka ilé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn èèyàn ti lu ilẹ̀kùn tuntun sára ògiri. A wá ní kí a fi ọkọ àti ìyàwó kà á. A dé ilé tí kò ní ọkọ, a dé ilé tí kò ní ìyàwó, a dé ibi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nìkan ló wà níbẹ̀, a bá ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ mẹ́fà. Ẹbí ni gbogbo wọn. Ló bá di ìkòkò. Èèyàn á yá ìkòkò, á yá sítóòfù, á yá àwo. Mi ò tíì rí ẹni tó rántí yá iyọ̀."

Ìyá gbé agolo náà sílẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ méjì ló wà nílé, wọ́n sì ní ọmọ kan ló ni káàdì kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, Rédíò tó ti ń sá aṣọ kan náà láti ìgbà tí Akọ̀wé ti dé, ká a kúrò lórí okùn, ó wọlé.

"Ọmọ kan ló wà nínú ìkòkò ẹni tó sọ fún yín nìyẹn," Akọ̀wé wí. "Káàdì kan, gbogbo ọmọ tó ń jẹ nínú ìkòkò náà ni, bí wọ́n pé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ẹni inú rẹ̀ kò bá pé márùn-ún kò sí nínú ètò." Ó tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí orúnkún rẹ̀. "Mẹ́ta nìyí. Méjì nìyí. Bí mo bá gbé wọn padà báyìí, ó ti parí."

Wọ́n fẹ́ sọ ọ̀kan di méjì, ó sì fẹ́ di òfo. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dúró ná," Bàbá wí. "Ṣé ebi ẹni mẹ́rin kì í ṣe ebi ni?"

"Ebi ni, Bàbá. Owó tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ni kò tó. Àwọn ọ̀gá fa ìlà, ìlà náà sì bọ́ sí orí márùn-ún."

"Ìlà." Bàbá fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Àwa bíríkìlà mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n bá na okùn sí ni ògiri ń tẹ̀ lé. Bí okùn bá wọ́, ògiri á wọ́, bíríkìlà ni wọ́n á sì bú."

Akọ̀wé fa igi lé ìwé méjèèjì láti igun dé igun, ó ní kí Ìyá àti Ìyàwó tẹ àtàńpàkò síbẹ̀ pé àwọn ló ní kí wọ́n fagi lé e, nítorí pé ìwé tó bá ti ní nọ́ńbà kì í sọnù lásán. Ó wá yọ ìwé kẹta.

"Ta ni olórí ilé?"

Ìyá wo Bàbá.

"Òun ni," Bàbá wí. "Èmi ni olórí àga."

Ó kọ Ìyá sí ìlà àkọ́kọ́. Ó kọ Bàbá: bàbá olórí ilé. Ó kọ Ìyàwó: aya àbúrò. Ó kọ Dírẹ́bà: ọmọ àbúrò. Pẹ́ńsù dé ìlà karùn-ún, ó dúró.

"Ọmọbìnrin yìí, kí ló jẹ́ sí olórí ilé? Ayálégbé kò sí lára iye. Kì í sì í ṣe olórí ilé ni mo gbọ́dọ̀ bi, àgbàlagbà mìíràn ni." Ó yíjú sí Ìyàwó.

Abẹ́rẹ́ ti ṣa ẹ̀wà tán láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo àwo tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ìyàwó sọ láàárọ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá a.

"Ìyá ẹ̀ ló háyà yàrá níbí," Ìyàwó wí. Ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Ìyá ẹ̀ ti kú."

"Ayálégbé ni ẹni tó ń san owó ilé. Ṣé òun ń san?"

"Ó jẹ wá ní owó ọdún mẹ́ta," Bàbá wí. "A ti ń ronú ohun tí a máa ṣe fún un."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá Dírẹ́bà ni mò ń bi. Ta ló ń dì í nírun?"

"Èmi ni."

"Nígbà tó ṣàìsàn kẹ́yìn, ta ló tọ́jú rẹ̀?"

"Èmi ni. Ibà ni. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó mi." Ìyàwó nu ojú pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ wa ni."

Bóyá ìfẹ́ ló sọ ọ́, bóyá nítorí pé mẹ́rin kò lè di márùn-ún láìsí ọmọ náà ni, ìwé kò ní àyè fún ìyẹn. Akọ̀wé kọ ọ́: ọmọ ilé. Ó ka orí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ẹnu pẹ́ńsù, ó ya ìwé kékeré kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó ní kí wọ́n fi han iléèwé títí káàdì yóò fi jáde. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì kọjá sí ilé Alágbàfọ̀.

Kò pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó ń da ìrẹsì inú ìkòkò kan sínú èkejì nígbà tí Alágbàfọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi ọṣẹ.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ jẹ́ níwèé?"

"Márùn-ún," Ìyá wí.

"Mẹ́rin ni wá. Èmi àti ọmọ mẹ́ta. Ó béèrè iyọ̀, mo ní iyọ̀. Ó ní gbogbo nǹkan ló pé àfi ẹnì kan." Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan aṣọ. "Ṣé ẹ lè yá mi ní ẹnì kan títí di ọ̀la? Màá dá a padà."

"Èmi ni kí o mú," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ju àbọ̀ lọ."

Alágbàfọ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Bàbá tó dá àpárá náà kò rẹ́rìn-ín.

"Wá jókòó, kí o jẹun," Ìyá wí.

"Mo ní aṣọ nínú omi." Ó sì lọ.

Agogo mẹ́ta ààbọ̀ ni Ìyá àti Abẹ́rẹ́ jáde nílé. Ìyá ká ìwé náà sínú ọwọ́, ó tún tú u, ó wò ó bóyá òǹtẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, obìnrin náà ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó ka ìwé kékeré náà, ó yí i padà, kò rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ó tún kà á.

"Ṣé wọ́n máa san án lóòótọ́?"

"Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, mà."

"Ọmọ yín ni?"

"Ọmọ ilé wa ni."

Ọ̀gá iléèwé wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó ṣí ìwé orúkọ padà. Orúkọ méjìlélógójì ló wà níbẹ̀, ó sì ti fi rúlà fa ìlà pupa sábẹ́ wọn. Ó bi Abẹ́rẹ́ ní orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà: kẹtàlélógójì. Ó ní kí Dírẹ́bà náà padà sí kíláàsì lọ́la. Lẹ́yìn náà ó mú rúlà, ó sì fa ìlà mìíràn.